Bí Ẹ Ṣe Máa Gba Ìwé Àṣẹ Owó Orí Ọjà ní Texas, Tí Ẹ Ó sì Máa Jíyìn Rẹ̀ Lásìkò

Ẹni tó bá ń tajà ní Houston, ì báà jẹ́ iṣu àti gààrí ló ń tà, ì báà jẹ́ àǹkárá àti léèsì, owó kan ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kì í ṣe tirẹ̀. Owó orí ọjà ni. Oníbàárà ló san án, ìpínlẹ̀ Texas ló ni ín, ẹ̀yin tí ẹ ń tajà kàn ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ títí di ọjọ́ ìjíyìn ni. Bí òfin ìpínlẹ̀ náà ṣe rí i nìyẹn: owó tí wọ́n fi sí yín níkàáwọ́ ni. Bí ẹ bá gbà á tí ẹ kò fi ránṣẹ́, wọ́n lè wá ẹ̀yin fúnra yín wá sí ìdí rẹ̀, kódà bó jẹ́ LLC (ilé iṣẹ́ tí òfin kà sí ọ̀tọ̀ sí ẹni tó ni ín) ni ẹ fi ṣí ilé iṣẹ́ náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa kò mọ̀ nìyí tí wọ́n fi ń ná an mọ́ owó ọjà.

Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù. Owó orí ọjà ló ń gbé àpò ìjọba wọn ró jù, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tẹ̀ lé e gírígírí. Iléeṣẹ́ tó ń mójú tó o ni Texas Comptroller of Public Accounts. Kì í ṣe IRS, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀. Ti IRS ọ̀tọ̀, tiwọn ọ̀tọ̀.

Ìpínlẹ̀ ń gba 6.25%. Ìlú, káúńtì tàbí àjọ ọkọ̀ èrò lè fi tiwọn lé e, àmọ́ gbogbo àfikún náà kò gbọ́dọ̀ ju 2% lọ. Ní Houston, ìlú mú 1%, METRO mú 1%, gbogbo rẹ̀ wá di 8.25%. Bí ṣọ́ọ̀bù yín bá wà ní ẹ̀yìn ìlú, ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ZIP code, nítorí ìlú méjì lè wà nínú ZIP kan ṣoṣo. Ẹ lọ sí comptroller.texas.gov, ẹ wá Sales Tax Rate Locator, kí ẹ tẹ àdírẹ́sì yín gan-an sí i.

Ta ló gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ?

Gbogbo ẹni tó bá ń ta ọjà tí owó orí wà lórí rẹ̀ ní Texas, tó sì fi ṣe òwò. Kò dìgbà tí ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń tà láti inú ilé, lórí WhatsApp, lórí Instagram, tàbí tó ń pàtẹ ní ọjà ọjọ́ Sátidé wà níbẹ̀. Òfin yọ̀ǹda fún ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò láti ta ọjà lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù 12 láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tó ń kó aṣọ ẹbí wọlé tó ń tà á fún ọgọ́ta ènìyàn nígbà gbogbo tí òde bá wà ti kúrò ní lẹ́ẹ̀mejì. Oníṣòwò ni.

Bí ẹ bá ń tà lórí Amazon tàbí Etsy, àwọn ni wọ́n ń gba owó orí lórí ohun tí ẹ bá tà níbẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́. Òfin Texas ti rí bẹ́ẹ̀ láti October 2019. Ṣùgbọ́n èyí tí oníbàárà san sí yín lọ́wọ́ nípasẹ̀ Zelle kò kan Amazon rárá. Ẹ̀yin ni ẹ ó jíyìn ìyẹn.

Àwọn tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ká ní Maryland tàbí Georgia, tí wọ́n ń fi ọjà ránṣẹ́ sí Texas, ọ̀ràn tiwọn yàtọ̀. Láti ìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dájọ́ ní 2018 lórí ẹjọ́ South Dakota àti Wayfair, ìpínlẹ̀ lè ní kí ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ gba owó orí fún òun. Iye tí Texas fi ṣe ààlà ni $500,000 láàárín oṣù 12. Ọ̀pọ̀ kò ní dé ibẹ̀, àmọ́ ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ní òfin tirẹ̀.

Ohun tí ẹ ó kó jọ kí ẹ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá ti kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì kò ní lò tó wákàtí kan. Ẹni tí kò kó o jọ yóò dé àárín fọ́ọ̀mù, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í méfò.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ilé iṣẹ́ tí ẹ ní. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan láìsí LLC, nọ́ńbà Social Security yín ni wọn yóò fi mọ̀ yín, ẹ ó sì lọ forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ county clerk bí orúkọ náà bá yàtọ̀ sí orúkọ àbísọ yín. Bó bá jẹ́ LLC, ọ̀dọ̀ Texas Secretary of State ni ẹ ti máa dá a sílẹ̀, $300 ni, wọn yóò sì fún yín ní nọ́ńbà fáìlì. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀, fọ́ọ̀mù yóò bèèrè rẹ̀. Kí LLC kọ́kọ́ dúró kí ẹ tó gba ìwé àṣẹ. Bí ẹ bá fi orúkọ ara yín gba ìwé àṣẹ lónìí, tí ẹ wá dá LLC sílẹ̀ ní oṣù tó ń bọ̀, ìwé àṣẹ ti àkọ́kọ́ kò lè bá yín wọ inú LLC. Ẹ ó gba òmíràn, ẹ ó sì ti ti àkọ́kọ́ pa.

EIN, nọ́ńbà tí ìjọba àpapọ̀ fi ń dá ilé iṣẹ́ mọ̀, wà lọ́dọ̀ IRS, ọ̀fẹ́ ni, lórí irs.gov. Bí ojúlé kan bá ní kí ẹ san owó kí òun tó bá yín gba EIN, ẹ ti ṣìnà, ẹ jáde níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn:

– orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà Social Security gbogbo ẹni tó ní ilé iṣẹ́ tàbí tó jẹ́ aláṣẹ nínú rẹ̀;
– àdírẹ́sì ibi tí ẹ ti ń tajà gan-an, kì í ṣe PO Box;
– nọ́ńbà NAICS, ìyẹn nọ́ńbà mẹ́fà tó ń sọ irú òwò yín. Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ jẹ́ 445110, ṣọ́ọ̀bù aṣọ jẹ́ 458110, ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ bá oníbàárà lórí ìjókòó jẹ́ 722511;
– iye tí ẹ rò pé ẹ ó máa tà lóṣù;
– ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ tajà, tàbí ọjọ́ tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni ẹ gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ sí. Bí ẹ bá ti ń tajà láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ẹ kọ ọjọ́ náà bó ṣe rí. Ẹ ó jíyìn àwọn oṣù yẹn, ó lè dun àpò, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ayẹ̀wéwò ìjọba wá rí i nínú ìwé báńkì yín lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ní ìdà kejì, ẹ má kọ oṣù yìí bí ẹ bá mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù kò ní ṣí títí oṣù mẹ́rin. Láti ọjọ́ tí ẹ bá kọ ni wọ́n ti máa retí ìjíyìn, ọjà wà o, ọjà ò sí o.

Fífi ìwé ránṣẹ́

Ẹ lọ sí ojúlé Comptroller, ẹ ṣí àkáǹtì nínú ohun tí wọ́n ń pè ní eSystems, kí ẹ wá mú fọ́ọ̀mù Texas Sales and Use Tax Permit. Ẹni tó bá fẹ́ràn ti bébà lè tẹ fọ́ọ̀mù AP-201 jáde, kó kọ ọ́, kó sì fi ránṣẹ́, àmọ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Owó kankan kò sí lórí ìwé àṣẹ náà. Wọ́n lè ní kí àwọn kan fi owó ìdúró sílẹ̀. Bó bá kàn yín, ìwé yóò dé láti ọ̀dọ̀ Comptroller fúnra wọn.

Bí ṣọ́ọ̀bù yín bá ju ẹyọ kan lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ẹ kọ gbogbo wọn sínú fọ́ọ̀mù.

Ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sílẹ̀ kí ìwé náà tó dé inú àpótí lẹ́tà. Nígbà tó bá dé, ẹ wá nǹkan méjì: nọ́ńbà oní-11 tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ yín, àti nọ́ńbà Webfile (ojúlé Comptroller tí ẹ ó ti máa jíyìn) tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RT, tí nọ́ńbà mẹ́fà tẹ̀ lé e. RT yìí ni kọ́kọ́rọ́ yín, ẹ má fi í hàn lójútáyé. Bí ẹ bá ní LLC, ẹ óò tún gba òmíràn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú XT; ti franchise tax nìyẹn, owó orí tí ìpínlẹ̀ ń gbà lórí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀, èyí tó ní ọjọ́ May 15 tirẹ̀. Ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ìwé àṣẹ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ gbé kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù níbi tí oníbàárà ti lè rí i, òfin ni.

Ní kété tí orúkọ ilé iṣẹ́ yín bá ti wọ inú ìwé ìjọba, lẹ́tà yóò máa dé tó jọ ti ìjọba, pẹ̀lú àwòrán ìràwọ̀ àti lẹ́tà ńláńlá, tí wọ́n á ní kí ẹ san owó “ìwé àṣẹ” tàbí “ìwé òfin tí ẹ gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri”. Ẹ ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí lẹ́tà ti kéré jù. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí pé àwọn kì í ṣe iléeṣẹ́ ìjọba.

Kí ni owó orí wà lórí rẹ̀, kí ni kò sí?

Àwọn tó ń ta oúnjẹ wa ló ń ṣe àṣìṣe jù níbí, àwọn kan ń gba owó orí lórí iṣu, àwọn kan kò gbà á lórí ohunkóhun. Oúnjẹ tí ènìyàn yóò gbé relé lọ sè kò ní owó orí: iṣu, gààrí, èlùbọ́, ìrẹsì, ẹ̀gúsí, epo pupa, panla, pọ̀nmọ́, búrẹ́dì, omi inú ike. Oúnjẹ tó ti jinná tí ẹ ń tà ní gbígbóná ní owó orí, ì báà jẹ́ jọ̀lọ́ọ̀fù, súyà tàbí mọ́ínmọ́ín. Kóòkì, Fáńtà àti súìtì ní in. Ṣíìpì (chips) inú ọ̀rá kékeré tí ẹnì kan lè jẹ tán ní in; ọ̀rá ńlá rẹ̀ kò ní. Ọṣẹ, ìpara, ìkòkò, bíà, àǹkárá, léèsì, gèlè, gbogbo wọn ní in. Àwọn ohun tí owó orí ti kúrò lórí wọn láti September 1, 2023 ni dáípà ọmọ, ìnùdí ọmọ àti ohun tí obìnrin ń lò fún nǹkan oṣù. Irun dídì jẹ́ iṣẹ́ tí owó orí kò sí lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ta ìpara irun lórí káńtà, owó orí wà lórí ìyẹn.

Ẹ wo rìsíìtì kan ní ṣọ́ọ̀bù Houston:

Iṣu $18.00, kò sí
Gààrí $9.00, kò sí
Fáńtà kan $2.00, ó wà
Ọṣẹ dúdú $6.00, ó wà
Jọ̀lọ́ọ̀fù gbígbóná nínú ike $12.00, ó wà

Gbogbo ọjà jẹ́ $47.00. Èyí tó ní owó orí nínú rẹ̀ jẹ́ $20.00. 8.25% rẹ̀ jẹ́ $1.65. Oníbàárà yóò san $48.65. Ẹ tò ó sínú ẹ̀rọ ìgbowó yín lọ́jọ́ tí ẹ ń kó ọjà wọlé, kí ẹ fi àmì sí ọjà kọ̀ọ̀kan, kó má bàa jẹ́ pé ẹni tó dúró ní káńtà ni yóò máa rò ó lórí. Ọ̀nà tí àṣìṣe ń gbà wọlé jù nìyẹn.

Bí ẹ bá ń gbé ọjà ránṣẹ́ sí ilé oníbàárà, tí ọjà náà sì ní owó orí, owó gbígbé rẹ̀ náà ní owó orí ní Texas. Àwọn tó ń fi aṣọ ránṣẹ́ sábà máa ń gbàgbé èyí.

Àwọn kan fẹ́ kí iye ọjà wọn jẹ́ owó tó dọ́gba, $10 gbáko, kí owó orí wà nínú rẹ̀. Ẹ lè ṣe é, bí ẹ bá kọ ọ́ síta fún oníbàárà pé owó orí ti wà nínú iye náà. Nígbà ìjíyìn, ẹ pín owó tó wọlé pẹ̀lú 1.0825. Ká ní $1,082.50 ló wọlé: ọjà jẹ́ $1,000, owó orí jẹ́ $82.50. Ẹ má kàn mú 8.25% nínú $1,082.50, ìyẹn yóò ju bó ṣe yẹ lọ.

Ríra ọjà àtùntà

Àǹfààní tó wà nínú ìwé àṣẹ ni pé ẹ kò ní san owó orí lórí ọjà tí ẹ fẹ́ tún tà. Ṣùgbọ́n fífi ìwé àṣẹ han ẹni tó ń tà fún yín kò tó. Fọ́ọ̀mù 01-339 ni ẹ ó kọ fún un, ẹ ó fi nọ́ńbà oní-11 yín sí i, irú ọjà tí ẹ ń rà àti irú òwò tí ẹ ń ṣe, ẹ ó sì fọwọ́ sí i. Kò wà fún ohun tí ẹ ó lò fúnra yín. Fíríìjì ṣọ́ọ̀bù, bébà rìsíìtì, aṣọ tí ẹ fẹ́ wọ̀ lọ sí òde: ẹ san owó orí lórí wọn. Ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù kan náà ni àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń lò bí wọ́n bá ní àwọn kì í san owó orí. Bí ṣọ́ọ̀ṣì bá wá rajà lọ́wọ́ yín láìsan án, ẹ gba fọ́ọ̀mù náà, ẹ tọ́jú rẹ̀. Bí ayẹ̀wéwò bá dé tí fọ́ọ̀mù kò sí, ẹ̀yin ni yóò san án.

Ìjíyìn

Ọjọ́ 20 oṣù tó tẹ̀ lé àkókò náà ni gbèdéke. Bó bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ọjọ́ ìsinmi, ó di ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Comptroller ni yóò sọ fún yín bí ẹ ó ṣe máa jíyìn. Ẹni tí owó orí ìpínlẹ̀ tirẹ̀ kò tó $1,000 lọ́dún lè máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní January 20. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó $1,500 ní oṣù mẹ́ta ń ṣe é ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta: April 20, July 20, October 20, January 20. Ẹni tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, oṣooṣù ni.

Ẹ jẹ́ ká mú oṣù mẹ́ta kan. Ṣọ́ọ̀bù ta ọjà $42,000. Nínú rẹ̀, $9,600 ni owó orí wà lórí rẹ̀. Wọ́n tún gbé páálí Kóòkì kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù lọ síbi ìkómọ ilé ara wọn, $40 ni wọ́n ra páálí wọ̀nyẹn, wọn kò sì san owó orí nígbà tí wọ́n rà á. Ẹ wọ inú Webfile pẹ̀lú RT yín:

Ní ibi “Total Texas Sales”, ẹ kọ 42,000. Gbogbo ọjà ni, tó fi mọ́ iṣu àti gààrí, àmọ́ ẹ yọ owó orí kúrò níbẹ̀. Ní “Taxable Sales”, 9,600. Ní “Taxable Purchases”, 40, nítorí Kóòkì ìkómọ yẹn. Èyí tí owó orí wà lórí rẹ̀ di $9,640, owó orí rẹ̀ jẹ́ $795.30. Bí ẹ bá jíyìn tí ẹ sì san án lásìkò, ìpínlẹ̀ yóò dín 0.5% kù fún yín, $3.98, ẹ ó wá san $791.32. Ẹ yọ ọ́ láti báńkì tààrà. Bí ẹ bá lo káàdì, owó káàdì wà lórí rẹ̀. Aago 11:59 alẹ́ ọjọ́ 20 ni Webfile ń ti ilẹ̀kùn, àmọ́ ẹ má dúró dìgbà yẹn.

Bí ẹ bá pẹ́ ní ọjọ́ kan péré, ẹ̀dínwó lọ, ìtanràn 5% wọlé, $39.77, $50 tún wà lórí fọ́ọ̀mù tó pẹ́. $791.32 ti di $885.07. Bó bá ju ọjọ́ 30 lọ, ìtanràn di 10%, owó náà di $924.83. Láti ọjọ́ 61 ni èlé bẹ̀rẹ̀.

Oṣù tí ẹ kò ta nǹkan kan, ẹ fi òdo ránṣẹ́. $50 yẹn kò bèèrè bóyá ẹ jẹ gbèsè tàbí ẹ kò jẹ. Ẹni tó rìnrìn àjò lọ sí Nàìjíríà fún oṣù mẹ́rin, tó ti ṣọ́ọ̀bù, lè jíyìn lórí fóònù rẹ̀ láti Ìbàdàn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ohun tó ń ba ọ̀ràn jẹ́ jù kì í ṣe fọ́ọ̀mù. Owó náà ni kì í sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí ọjọ́ 20 bá pé. Ẹ ṣí àkáǹtì kejì ní báńkì, kí ẹ má fún un ní káàdì kankan. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ẹ wo owó orí tí ẹ̀rọ ìgbowó kà, ẹ gbé e síbẹ̀ ní kíkún. Bí owó ọjà bá há yín, ẹ wá ibòmíràn yá.

Bí ẹ bá ń ta bíà, ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń tà á fún yín lọ́pọ̀ ń sọ fún Comptroller lóṣooṣù iye tí ẹ rà lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá ra $20,000, tí ẹ sì kọ ọ́ pé ẹ ta $6,000, kọ̀ǹpútà wọn ti rí i kí ẹnikẹ́ni tó wá. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, ìwé báńkì, fọ́ọ̀mù 01-339 àti àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ ìgbowó fún ọdún mẹ́rin, ó kéré tán. Rìsíìtì tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà olóoru máa ń ṣá kí ọdún kan tó pé. Ẹ ya fọ́tò wọn.

Bí ẹ bá ń ra ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn

Gbèsè owó orí máa ń bá ṣọ́ọ̀bù lọ. Ẹni tó bá ra ṣọ́ọ̀bù lè di ẹni tó jẹ gbèsè ẹni tó tà á, títí dé iye tó fi ra ṣọ́ọ̀bù náà. Kí ẹ tó san owó tán, ẹ ní kí Comptroller fún yín ní ìwé tó sọ pé kò sí gbèsè owó orí lórí ilé iṣẹ́ náà, tàbí kí ẹ dá díẹ̀ dúró nínú owó náà tó tó gbèsè tó lè wà. Ẹ ṣe é kódà bó jẹ́ ọmọ ìyá yín ló ń tà á fún yín. Ìwé àṣẹ rẹ̀ tó wà lára ògiri kò wúlò fún yín. Ẹ gba tiyín.

Kíkó lọ, àti pípa ilẹ̀kùn dé

Bí ẹ bá kó lọ sí àdírẹ́sì mìíràn, ẹ tún un ṣe lórí ojúlé Comptroller lójú ẹsẹ̀, nítorí iye owó orí lè yàtọ̀, lẹ́tà wọn yóò sì máa lọ sí ibi tí ẹ ti kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ ṣíwọ́ òwò, ẹ fi ìjíyìn ìkẹyìn ránṣẹ́, kí ẹ sì sọ fún wọn ọjọ́ tí ẹ ṣíwọ́. Ẹ má kàn ti ṣọ́ọ̀bù pa kí ẹ máa lọ. Títí ẹ ó fi sọ fún wọn, àkókò ìjíyìn ń yípo lórúkọ yín, $50 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lè fojú díwọ̀n iye tí wọ́n rò pé ẹ tà, kí wọ́n fi ìwé gbèsè rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.